Ọ̀bọ Tó Jáde Nínú Àlọ́ Ìyá Àgbà

Ìyá tó bí bàbá mi ló kọ́kọ́ pa àlọ́ náà fún mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada tí wọ́n fi ń din dòdò létí títì ní Ìkirè. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá pípọ́n, èyí tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi, tí wọ́n wá gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣù sínú epo pupa tó ń hó, ohùn Ìyá àgbà ni mo máa ń gbọ́ kí n tó gbọ́ ohun mìíràn. Òórùn náà dùn, ó sì tún korò díẹ̀, bíi ṣúgà tó ń jóná. Bí o bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kọjá rí, ìwọ náà á mọ òórùn tí mò ń wí, nítorí kò sí mọ́tò tó dẹ ẹsẹ̀ ní Ìkirè tí wọn ò ní na dòdò dúdú rogodo sí ojú fèrèsé rẹ̀.

Àwọn àgbà ní a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Ìyá àgbà ò ka ìyẹn sí. Wọ́n ní èéfín agbada àwọn ti tó alẹ́. Bí a bá ti ilé-ìwé dé, tí a ti bọ́ aṣọ, àwa ọmọ agbo ilé á jókòó yí wọn ká, a ó máa bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, èéfín á máa ta wá lójú, àwọn náà á sì bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń pàlọ́. Àwa la máa ń rẹ́rìn-ín. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tí kò bá gbe orin kò ní jẹ nínú èérún dòdò tó já sí ìsàlẹ̀ agbada. Èérún yẹn gan-an ló dùn jù. Ó gbẹ, ó ń dún lẹ́nu, ata rẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó lọ. Ìyá àgbà á bù ú sórí ewé, wọ́n á sì máa wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹni tí kò gbè kò jẹ." Bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn.

Àlọ́ tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí, Ọ̀bọ ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọ̀bọ lọ kí àwọn àna rẹ̀. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ń din dòdò lọ́wọ́, ó ní kí Ọ̀bọ bá òun wo iná, kí òun sáré fa omi. Kó tó dé ìdí kànga, Ọ̀bọ ti ki ọwọ́ bọ epo. Nígbà tí ìyá náà padà dé, Ọ̀bọ ti fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ aṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n gbé obì fún un, kò lè nawọ́ gbà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ká aṣọ rẹ̀ sókè tí wọ́n rí àtẹ́lẹwọ́ tó ti jóná. Wọ́n tì í síta, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Ìdí nìyẹn tí àtẹ́lẹwọ́ Ọ̀bọ fi dúdú tí kò sì ní irun, ìdí nìyẹn tí kò fi bá ènìyàn gbélé. Orin rẹ̀ nìyí. Ìyá àgbà á lé e, àwa á gbè é:

Ta ló ki ọwọ́ bọ epo gbígbóná?
Kò wọlé mọ́.
Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dúdú, ó bó,
Kò wọlé mọ́.
Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ ti fèrèsé,
Kò wọlé mọ́.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wa tí mo fi ọdún méjì jù lọ. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Bàbá rẹ̀ ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lẹ́bàá Wásinmi, ìyá rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ wá láti Àpòmù, ṣì ń bá wa gbé. Ìyàwó Àpòmù ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Ìyá àgbà kò fẹ́ rí wọn sójú. Wọ́n gbà pé ẹsẹ̀ ìyàwó náà ló gbé ikú wọlé tó fi pa ọmọ àwọn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí opó náà kó ẹrù rẹ̀, kó mú ọmọ rẹ̀, kó padà sí Àpòmù. Ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ ni wá nílé wa, ìyá ìjọ sì ni Ìyá àgbà; irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jáde gbangba lẹ́nu ìyá ìjọ. A máa ń wá ibòmíràn gbà sọ ọ́ ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìṣù dòdò kan yọ̀ kúrò lórí asẹ́, ó bọ́ padà sínú epo. Ìyá àgbà ń bá oníbàárà kan dúnàádúrà. Wọn ò tilẹ̀ yíjú. Wọ́n ní kí ọmọ náà tètè mú un kó tó jó. Ṣíbí onígi wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń bẹ̀rù ènìyàn kì í dúró wá ṣíbí. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. N kò lè ṣàpèjúwe igbe náà fún ọ. Ohun tí mo rántí jù ni pé dòdò náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó fà á jáde, kò sì jù ú nù, ó ń nà án sí Ìyá àgbà.

Àwọn ènìyàn rọ́ dé. Ìyá rẹ̀ sáré wá láti ẹ̀yìnkùlé, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè, Ìyá àgbà ti sọ̀rọ̀. "Olè ló fẹ́ jà. Ẹ bi í bí n ò bá fún un jẹ." Èmi gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, mo sì gbọ́ èkejì yìí náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Mo ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi lọ.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ náà padà wá jókòó láàárín wa, wọ́n fi aṣọ funfun di ọwọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ àlọ́. "Ọmọbìnrin kan wà," ni wọ́n wí. A wo ara wa, nítorí a mọ bí àlọ́ náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀, Ọ̀bọ la sì ń retí. Ọ̀bọ kò dé. Ọmọbìnrin ló bá ìyá rẹ̀ wá láti ìlú mìíràn, ọmọbìnrin ló ki ọwọ́ bọ epo, ọmọbìnrin ni wọ́n tì síta. Gbogbo ìyókù dúró bó ṣe wà. Nígbà tó kan orin, Ìyá àgbà lé e, wọ́n sì ń wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ewé èérún wà lórí itan wọn. A gbè é. Mo fi ojú ara mi rí i pé ọmọ tí wọ́n fi aṣọ di ọwọ́ rẹ̀ yẹn náà gbè é. Ó rọra ń mi ètè, "Kò wọlé mọ́," ó sì na ọwọ́ òsì gba èérún tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dé ilé-ìwé. Ó dé ìdí omi. Bí ọmọ náà bá ń bọ̀ lọ́nà, ọmọ kan á lé orin, ogún á gbè é. Kí táàmù tó parí, Ìyàwó Àpòmù di ẹrù. Àwọn tó wà lójúde sọ pé kí wọ́n má lọ, wọ́n sì bá wọn gbé àpótí sínú mọ́tò. Ìyá àgbà din dòdò lọ́jọ́ náà bí wọ́n ṣe ń dín in lójoojúmọ́.

Èmi ni mo jogún àlọ́ Ìyá àgbà. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mò ń ṣe jẹun ní ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ilé-ìwé kan bá fẹ́ ṣe ayẹyẹ, bí wọ́n bá ń ṣe ìdúpẹ́ ìkórè, wọ́n á ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá pàlọ́. Mo ti pa àlọ́ ọlọ́wọ́ jíjóná yìí níbi púpọ̀, láti Ìkirè-Ilé títí dé ibi tí o kò ní rò. Gbogbo ìgbà tí mo bá pa á, ọmọbìnrin ni mo máa ń fi sí i. N kò ní purọ́ fún ọ pé mo ti gbàgbé Ọ̀bọ. Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Ó kàn jẹ́ pé ẹkún ọmọ ènìyàn máa ń mú agbo gbóná ju ti ẹranko lọ. Bí mo bá sì fẹ́ dá ara mi láre, mo máa ń wí pé bí mo ṣe bá a nìyẹn.

Láìpẹ́ yìí, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àpòmù pè mí sí ọjọ́ àṣà wọn. Abẹ́ ìbòrí ni wọ́n kó àga sí, òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé gba gbogbo pápá. Mo ti pa àlọ́ méjì, wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún mi, nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé kéde pé ọmọ ìlú kan tó wá kí ìyá rẹ̀ láti ìlú òyìnbó wà láàárín wa, pé olùkọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ni lọ́hùn-ún, kó dìde bá wa pa ọ̀kan. Mo yíjú. Òun ni, ọmọ Ìyàwó Àpòmù. Ó ti sanra díẹ̀, ewú ti yọ níwájú orí rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó tó ọmọ ọdún méje jókòó tì í. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ káàsán o." Bí ẹni pé àná la ríra.

Àlọ́ yẹn náà ló pa. Ó kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe máa ń pa á fún àwọn ọmọ lọ́hùn-ún. Ó ní wọn ò mọ dòdò, nítorí náà ó sọ ọ́ di àkàrà òyìnbó díndín tí wọ́n ń wọ́n ṣúgà sí, ó sì sọ agbada di ìkòkò lórí iná gáàsì. Ìyẹn ò yọ wọ́n lẹ́nu. Ibi tí wọ́n ti ń yarí ni ilẹ̀kùn. "Òtútù tiwọn kì í ṣe eré," ni ó wí. "Ọmọ tí wọ́n bá tì mọ́ta lálẹ́ níbẹ̀, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a. Ọmọ kan dìde, ó ní, 'Àǹtí, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un.' Òmíràn ní kí ló dé tí ẹnì kankan kò fi omi tútù sí ọwọ́ náà." Ó rẹ́rìn-ín. "Ni mo bá ṣí i."

Nínú tirẹ̀, kò sí olè. Ìyá àgbà kan ló ní kí ọmọ mú dòdò, ọmọ sì fi ìkánjú jóná. Ìyá àgbà da asẹ́ nù, ó gbé ọmọ náà lé ẹ̀yìn, ó sáré gbé e lọ sínú ilé, ó fi omi sí ọwọ́ rẹ̀, ó fi àdí àgbọn pa á, ó sì ń fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́ náà títí ọmọ fi sùn. Ègbè orin náà ti yí padà: "Ẹ jẹ́ ó wọlé." Àwọn ọmọ ilé-ìwé gbè é títí ìbòrí fi ń mì. Nígbà tó parí, ọmọ rẹ̀ dìde, ó di ọwọ́ ọ̀tún ìyá rẹ̀ mú, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ náà fún gbogbo ayé wò. Ó fi Yorùbá rẹ̀ tó ń ta kókó wí pé, "Èyí ni ọwọ́ yẹn. Gìrándì-mọ́mì mọ́mì mi ló wò ó sàn." Àwọn ọmọ ń rọ́ wá fọwọ́ kàn án. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé òun ló fún ọmọ náà ní Ìyá àgbà tí òun fúnra rẹ̀ kò rí, àti pé ìrìn-àjò náà, torí kí ọmọ lè wá rí ilé ìyá àgbà onínúure yẹn ní Ìkirè ni.

Ó yẹ kí n jókòó. Kò sí ẹni tó pè mí dìde. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un ju tèmi lọ, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Ìlara ló kọ́kọ́ gbé mi nílẹ̀ kí n tó wá fi àṣà bò ó. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo ní àlọ́ náà dùn, ṣùgbọ́n òyìnbó ti jẹ ìdí rẹ̀. Mo ní èmi wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pa á ní ojúlówó, olè ni ọmọ náà, wọn ò sì ṣílẹ̀kùn fún un.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́." Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Mo gbọ́ ọ.

Mo lé orin. Ìwọ náà mọ bí a ṣe rí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n á lé orin sí létí tí ẹnu rẹ̀ kò ní wá ègbè. Àwọn olùkọ́ gbè é, ọ̀gá ilé-ìwé gbè é, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ẹ jẹ́ ó wọlé, àwọn náà ló gbè é. Àwọn kan gbé fóònù sókè, wọ́n ń yà mí. Ọmọbìnrin kékeré yẹn ló wá ń gbè é jù. Kò mọ ohun tó túmọ̀ sí, ohùn rẹ̀ sì mọ́ bí omi. Ó ń fò, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀ kó lè bá òun gbè é. "Kò wọlé mọ́." Mo rí i tí ìyá rẹ̀ rọra fa ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, tó fi í pamọ́ sábẹ́ ìborùn, tó ń rẹ́rìn-ín, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí orin tán, ọmọ náà bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dá a lóhùn sétí, n kò gbọ́ ohun tó wí. Mo kàn rí i pé ọmọ náà dá àtẹ́wọ́ dúró. Ó wo ìborùn ìyá rẹ̀, ó wá gbójú sókè wò mí.

Ní ọjọ́ kẹta mo ra dòdò, mo lọ sí Àpòmù. Ìyàwó Àpòmù ló jókòó sórí àga lójúde, ojú wọn ti di bàìbàì. Wọ́n dá ohùn mi mọ̀. "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀." Bí wọ́n ṣe ń pè mí nígbà tí mo wà ní kékeré nìyẹn, bí ìyàwó ṣe ń pe ọmọ ọkọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wí àwíjàre mi, pé n kò mọ̀ pé yóò dà bẹ́ẹ̀, pé bí Ìyá àgbà ṣe fi lé mi lọ́wọ́ ni.

"Ọ̀bọ ńkọ́?" ni wọ́n wí.

Mo gbórí sókè nílẹ̀ tí mo dọ̀bálẹ̀ sí.

"Mo máa ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, mo sì máa ń gbọ́ yín. Ọ̀bọ ló wà nínú àlọ́ yẹn kí ìyá ọkọ mi tó fi ọmọ mi rọ́pò rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti kú, mo ti dárí jì wọ́n. Ẹ̀yin wà láàyè, ọkọ mi. Ogójì ọdún lẹ fi ní àyè láti dá Ọ̀bọ padà."

Ọmọ wọn jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ó gba dòdò náà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó dúpẹ́, ó sì dúró síbẹ̀ láàárín ilẹ̀kùn, kò yà fún mi. Mo bi í léèrè ọmọ rẹ̀. "Ó wà nínú ilé. Kò fẹ́ jáde. Ó ní kí n bi yín bóyá ẹ̀yin náà gbe orin yẹn ní kékeré." Mo ní mo gbè é. "Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Mo sì sọ fún un pé èmi náà gbè é. Ìyẹn ni kò yé e." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n padà sí òkè òkun. Wọn kò dé Ìkirè.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n fídíò tí wọ́n yà ti ń lọ láti fóònù dé fóònù. Àwọn ènìyàn ń dá mi dúró lọ́nà pé mo gbèjà àṣà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo ń kọjá lẹ́yìn ilé-ìwé kan ní Ìkirè níbí, mo gbọ́ orin náà. Àwọn ọmọ to òbìrìkítì, ọmọbìnrin kan tí àpá iná wà lọ́rùn rẹ̀ ló wà láàárín. Mo dúró. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀bọ ni orin yẹn ń bá wí. Kì í ṣe ènìyàn." Wọ́n wo ara wọn, bí àwa náà ṣe wo ara wa lọ́jọ́ tí Ọ̀bọ kò dé. Ọ̀kan nínú wọn, tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ, ní, "Rárá sà. Ọmọ obìnrin ni. Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ ọ́ nínú fóònù mọ́mì mi." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èyí tó wà láàárín kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Ó ń wò mí, bí ẹni tó ń retí pé kí n sọ bó ṣe parí. Aago lù, wọ́n tú ká, orin náà sì bá wọn lọ.

Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà bíi tèmi pé bí àlọ́ bá sọdá òkun, ó máa ń bàjẹ́. Èyí tí mo mọ̀, ilé ló ti bàjẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ibi tí wọn ò ti mọ dòdò ni wọ́n ti tún un ṣe, èmi sì ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e padà sínú epo. Òtútù ló kọ́ àwọn ọmọ ọ̀hún láti ṣílẹ̀kùn. Ní tiwa, ooru mú, ilé gbà wá, a jẹ èérún, a yó, a sì ti ilẹ̀kùn. N kì í pa á mọ́. Ṣùgbọ́n kí ni pípa tí n kò pa á fẹ́ ṣe, nígbà tó ti ní ẹsẹ̀ tirẹ̀?

Ìwọ tí o bá mi dé ibí yìí, mo kọ orin náà sílẹ̀ fún ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, n kò sì bẹ̀ ọ́ pé kí o dá sí i. Sọ òótọ́ fún mi: nígbà tí ojú rẹ kàn án, ṣé o gbè é?